Funfun tàbí Àwọ̀ Aró: Ọ̀rọ̀ Yàrá Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kéré lójú, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó tú ilé wa ká. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni, ọ̀dà tí a fẹ́ fi kun yàrá Ìyá wa.

Àwa ọmọ Ìyá tó wà láyé jẹ́ márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Fofó, ń gbé ní Kútọnu. Dàdá wà ní Kétu pẹ̀lú Ìyá, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan wà ní Lomé, ẹnì kan wà ní Èkó, àbíkẹ́yìn wa sì ń kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Gbogbo wa la jọ fẹnu kò kí a tó kọ èyí. Ibi tí a ti jà, a ó sọ ọ́. Ibi tí a ti ṣìnà, a ó sọ ọ́ pẹ̀lú.

Ilé alámọ̀ ni ilé bàbá wa. Ìgbà àkọ́kọ́ Kérékou ló kọ́ ọ, ilẹ̀ pupa Kétu tí ẹ mọ̀ yìí náà ló fi mọ ọ́n. Nígbà tó rówó, ó fi páànù bò ó, ó sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta. Inú kò rí sìmẹ́ńtì, ẹfun ni wọ́n ń fi kun ún nígbà náà. Yàrá Ìyá ló wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Òwúrọ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ ibẹ̀ dáadáa. Bí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, yàrá náà á ṣú bíi pé alẹ́ ti lẹ́. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ẹnikẹ́ni kò kun ún mọ́. Èéfín àtùpà, eruku ọyẹ́ àti ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ti sọ ògiri rẹ̀ di àwọ̀ kan tí kò lórúkọ.

Ní ìparí òjò tó kọjá, Ìyá ṣubú. Ó fẹ́ jáde lóru, ó ń wá ẹnu ọ̀nà, ó fi iwájú orí gbá òpó ilẹ̀kùn, ó sì fi ìdí jókòó sílẹ̀. Egungun kankan kò dá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dùbúlẹ̀, ẹni tó ti lé ní 80 ọdún. Nígbà tí gbogbo wa péjọ sí Kétu láti wá kí i, a rí i bí yàrá náà ti ṣókùnkùn tó. Fofó ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ ká kun yàrá yìí." Gbogbo wa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o." Ibẹ̀ ni ìrẹ́pọ̀ wa parí sí.

Fofó ní funfun ni. Ó ní yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè gba àwọ̀ mìíràn. Funfun máa ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wọlé, á sì dá a padà sínú yàrá. Àwọ̀ tó bá dúdú á gbé e mì. Ẹni tó wà ní Lomé gbè é lẹ́yìn. Ó ní àlejò ń wọlé kí Ìyá, kí wọ́n bá a níbi tó mọ́.

Dàdá ní rárá, àwọ̀ aró ni. Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tí Ìyá wa jẹ́ fún yín. Aláró ni. Ìkòkò aró mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí a wà ní kékeré. A máa ń bá a já ewé èlú, a ó gún un lódó, a ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn. Òun á wá fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò, á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ á fi gba gbogbo àdúgbò. Bí ó bá ri aṣọ bọ̀ ọ́ tó sì fà á jáde, aṣọ náà á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù. Ojú wa níbẹ̀ ni atẹ́gùn á fi fẹ́ sí i, á sì di aró. Idán ni lójú wa. Á tún un rì, á tún un sá, bí ó ti ń rì í sí i ni ó ń jinlẹ̀ sí i. Apá Ìyá dúdú dé ìgúnpá. Inú ìkòkò yẹn ni owó ilé-ìwé gbogbo wa ti wá, ti Fofó náà.

Nítorí náà, Dàdá ní: "Ẹ ò lè fi funfun pa ayé ìyá yín rẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa rí aró lára ògiri ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù." Ẹni tó wà ní Èkó ní òótọ́ ni. Méjì dojú kọ méjì. Àbíkẹ́yìn wa ní òun kò sí níbẹ̀.

A padà sí ibi tí kálukú ti wá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp. Bí ẹ bá fẹ́ kun ilé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Àwọ̀ aró kan náà tí Dàdá fi ránṣẹ́, lójú fóònù Lomé ó dà bí ojú ọ̀run, ti Èkó dà bí èso àgbálùmọ̀ tó bàjẹ́. Funfun tí Fofó fi hàn wá rí bí eérú. A ń jà lórí ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò tíì rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Fofó kò dúró mọ́. Ó ra bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà funfun ńlá ní Kútọnu, èyí tó ń dán, tí wọ́n fi òróró pò, nítorí wọ́n ní ó ṣe é fọ̀. Ó gbé e fún awakọ̀ kan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé Kétu, Dàdá kò jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bókẹ́ẹ̀tì náà fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń jókòó lé e.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ wá bú. Fofó bi í pé: "Owó ta ni wọ́n fi ra ọ̀dà?" Dàdá dá a lóhùn pé: "Ta ló ń sùn sẹ́nu ọ̀nà Ìyá lóru láti ọjọ́ tó ti ṣubú?" Gbogbo wa dákẹ́. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

A fẹ́ sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún yín, torí a mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó jìnnà sílé ń fi owó ránṣẹ́, ó sì ń ronú pé owó náà ti tó. Ẹni tó wà nílé ń fi ara rẹ̀ ṣe é, kò sì sí ẹni tó ń kà á. Ọ̀dà funfun yẹn, Fofó rà á nítorí pé ojú ń tì í pé òun kò sí níbẹ̀ ní òru tí Ìyá ṣubú. Àwọ̀ aró yẹn, Dàdá fẹ́ ẹ nítorí pé òun nìkan ló ń rí bí Ìyá tó máa ń ri aró ṣe ń dín kù lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Àmọ́ a kò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ni yàrá.

Ọkùnrin akunlé kan ló bá wa tún un ṣe, àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Kétu. Nígbà tí gbogbo wa tún padà wálé, a pè é. Ó wọlé, kò wo àwọ̀ rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, ó fi èékánná họ ọ́, ó fi hàn wá pé ó tutù. Ó ní: "Ògiri amọ̀ ń mu omi láti inú ilẹ̀ nígbà òjò, ó sì ń mí i jáde. Bí ẹ bá fi ọ̀dà olóròóró yìí dí i lẹ́nu, omi kò ní rí ọ̀nà. Á wú bí oówo, á sì máa ṣí bọ́ ní abala abala." Ó ní ọ̀dà olómi ni kí a lò, èyí tí kì í dán, pé dídán náà máa ń tan padà sójú àgbàlagbà, á sì máa yọ wọ́n lẹ́nu. Fofó wo bókẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Dàdá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn funfun àti aró níwájú rẹ̀, bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ má fi ẹnu yan ọ̀dà, ojú ni kí ẹ fi yàn án." Ó fá ibi méjì lára ògiri, ó nù wọ́n nù, ó kun ọ̀kan ní funfun, ó kun èkejì ní àwọ̀ aró tó jinlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó apá méjì tí a nà, ó sì ga tó èèyàn. Ti funfun wà lápá òsì fèrèsé. Ti aró wà láàárín fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí a jẹ́ kó gbẹ, torí ọ̀dà tútù àti ọ̀dà gbígbẹ kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ó ní kí a wò ó láàárọ̀, kí a wò ó lọ́sàn-án, kí a tún tan iná wò ó lálẹ́. Ó kìlọ̀ fún wa pé àwọ̀ tí a rí ní ibi kékeré, á tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá wà lára ògiri mẹ́rin tó ń wo ara wọn. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀, méjèèjì dára. Lọ́sàn-án, funfun ṣì ń ríran, aró ti ń sùn. Fofó ń wò wá bí ẹni tó ti borí. Dàdá ní kí a dúró dalẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa jókòó sínú yàrá náà, a ń jẹ̀bà. Ìyá dìde lórí ibùsùn, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Dàdá fẹ́ dìde mú un lọ́wọ́, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ó rìn díẹ̀díẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, kò lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n kùn ní aró ló lọ. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ògiri, ó dúró. Ó ní: "Ta ló ti ilẹ̀kùn?"

Ẹnu wa kò ṣí. Ọbẹ̀ tutù lọ́wọ́ wa.

Àbíkẹ́yìn wa, ẹni tó ní òun kò sí níbẹ̀, òun ló bi í pé: "Ìyá, kí ni ẹ rí níbẹ̀ yẹn?" Ìyá ní: "Ihò ni. Mo rò pé ilẹ̀kùn ló ṣí, tí òkùnkùn wà níta." A sọ fún un pé aró ni, pé Dàdá ló ní kí wọ́n kùn ún nítorí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á. Ó súnmọ́ ọn tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ní: "Èyí kì í ṣe aró. Dúdú ni." Dàdá bú sẹ́kún. Obìnrin tó lè fi ojú lásán mọ iye ìgbà tí wọ́n ti ri aṣọ, kò rí aró mọ́, àwa kò sì mọ̀. A ní ogbó ni. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti ń rìn nínú yàrá yẹn bí ẹni ń rìn nínú omi?

A wá bi í ní ohun tó yẹ ká ti bi í láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ìyá, àwọ̀ wo ni ẹ fẹ́?" Ó ní: "Ti òsì yẹn, mo rí i. Mo rí ọwọ́ mi tí mo bá nà án síwájú rẹ̀." Fofó mí kanlẹ̀. Ìyá ní: "Ṣùgbọ́n ẹ má kùn ún ní funfun báláú yípo. Aṣọ tí wọ́n fi ń di òkú ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná." A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Nígbà tí akunlé padà dé, a ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní: "Ẹ ń wá àwọ̀ tó dára jù. Ohun tí Ìyá ń wá ni ibi tí ògiri parí sí, tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀." Ó ní bí àwọ̀ aró bá ń jọ ẹnu ọ̀nà lójú wọn, kí a gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Ó po àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ mọ́ funfun olómi títí ó fi rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná. Ìyẹn ló fi kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn tó ti fá èyí tó ń ṣí tó sì ti gbọn eruku rẹ̀ nù. Ó fi àwọ̀ aró olóròóró kun ilẹ̀kùn, òpó rẹ̀ méjèèjì àti òkè rẹ̀, torí pákó gbà á. Ó fà á gba etí àtẹ̀gùn kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ Ìyá ti máa ń kọ́. Ó tún fi yí ibi tí wọ́n ti ń tan iná ká, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Bókẹ́ẹ̀tì Fofó kò ṣòfò pátápátá: díẹ̀ nínú rẹ̀ ni a fi kun pákó fèrèsé. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀ bí a ti ń kọ èyí.

Fofó kò rí funfun rẹ̀, Dàdá kò rí ògiri aró rẹ̀. A kò ní purọ́ pé inú àwọn méjèèjì dùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ní alẹ́ àkọ́kọ́, Ìyá dìde, ó rìn tààrà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá àtẹ̀gùn, ó lọ, ó sì padà wá. Dàdá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ rárá. Àárọ̀ ni Ìyá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà náà ni ojú tiwa náà ti là. Dàdá rí i pé ẹ̀kọ tí Ìyá kì í jẹ tán, nínú abọ́ funfun ló ti ń jẹ ẹ́, kò rí i. Ó gbé e sínú igbá dúdú, Ìyá sì ń jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ ibùsùn náà, a yí i padà sí èyí tó yàtọ̀ sí àwọ̀ ilẹ̀, kó lè rí etí ibùsùn kó tó jókòó.

A sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ohun tó yẹ ká ti ṣe tipẹ́. Ó ní àrùn tí àwọn Faransé ń pè ní cataracte ni. Awò inú ẹyinjú ló ń ṣú pẹ̀lú ọjọ́ orí, ó ń di pípọ́n bí omi àgbo, kì í sì jẹ́ kí àwọ̀ aró kọjá dáadáa. Ó ní kò sí àgbo tàbí oògùn ríró tó lè fọ̀ ọ́, àmọ́ iṣẹ́ abẹ wà fún un. Wọ́n á yọ èyí tó ti ṣú, wọ́n á fi tuntun sí i. Owó rẹ̀, àwa márààrún la dá a, a kò sì béèrè ta ló dá èyí tó pọ̀ jù. Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Lọ́jọ́ tó padà dé Kétu, tí wọ́n ti ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò wọlé. Ó wo ilẹ̀kùn náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. A rò pé ó fẹ́ súre fún wa. Ó ní: "Èyí lẹ pè ní aró? Àyìnrín ni. Ẹ ò rì í tó."

Ọjọ́ kejì, Fofó fúnra rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tún ilẹ̀kùn kùn. Dàdá ló gbé agolo ọ̀dà dání fún un. Ìyá jókòó sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń tọ́ka: "Ibẹ̀ yẹn kò tíì gbà á." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fofó tún un kùn kó tó ní ó tó.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tí ẹ sì fẹ́ kun yàrá rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń rí. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí ti ògiri. Bí ẹ bá sì rí i tó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà, ẹ má sọ pé ogbó ni. Ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ojú.